Ohùn Hánà Tó Wà Nínú Ìda

"Ẹ sún mọ́ ọn sí i."

"Bí mo bá tún sún, inú rẹ̀ ni màá kó sí."

"Ẹ bá wa ṣí fìlà yẹn. Ìyẹ́ tó wà lára rẹ̀ ń gbá ẹnu ìwo."

"Mi ò kọrin láìdé fìlà rí."

"Kò sẹ́ni tó máa rí yín, màdáámù."

"Ta ni mo wá ń kọrin fún?"

"Ìda."

"Ìda kì í pàtẹ́wọ́."

"Kì í hó lé èèyàn lórí náà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí fìlà. Hánà ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n lára pátákó àwọn gbọ̀ngàn orin tó wà ní ìlà-oòrùn London, Ìbákà Creekmouth ni wọ́n ń kọ, nítorí abúlé etí omi níbi tí odò Roding ti ń wọ inú Thames ló ti wá. Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus ni ọkùnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó gba ohùn àwọn akọrin sínú ìda. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù Èrèlé ọdún 1899, nínú yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní àárín ìlú London. Èéfín èédú ti pa gíláàsì fèrèsé dà, débi pé ọ̀sán gangan ni wọ́n tan iná gáàsì.

Láyé ìgbà náà, gbọ̀ngàn orin ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lọ bí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n á jókòó ti bíà, akọrin á jáde sórí ìtàgé pẹ̀lú aṣọ tó ń kọ mànà, á kọ orin tí gbogbo èrò lè bá a gbè, á sì fi àwọn ọkọ tó ń bẹ̀rù ìyàwó wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Hánà mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Sylvanus ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó wọ aṣọ ilé wá, kò gbọ́. Sátíìnì aláwọ̀ èsè àlùkò ló wọ̀, wọ́n fi okùn fún un mọ́ ọn ní ìbàdí, bàtà gogoro wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àtíkè sì wà lójú rẹ̀. Ó ní bí aṣọ ò bá sí lára òun, orin ò ní jáde.

Kò tíì sí bí wọ́n ṣe lè da orin kan kọ ní àdàkọ púpọ̀ nínú yàrá yẹn. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìwo páànù kọ̀ọ̀kan ni ẹnu wọn, róòlù ìda kọ̀ọ̀kan sì ń yí lára wọn. Róòlù náà ní àwọ̀ tíì tó gbó, ó ṣe rọ́bọ́tọ́, inú rẹ̀ ṣófo bí ife tí kò ní ìdí. Bí akọrin bá ti ń kọrin, abẹ́rẹ́ á máa fa ìlà tínrín sára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọrin lẹ́ẹ̀kan, róòlù mẹ́rin ló ń kún. Ọgọ́rin róòlù ni wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà Hánà gbọ́dọ̀ kọ orin kan ṣoṣo nígbà ogún.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Orin náà ní àwàdà kan ní àárín. Lórí ìtàgé, bó bá ti sọ ọ́ tán, á dúró, á gbé ojú sókè, á jẹ́ kí ilé rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó máa bá a lọ. Nínú yàrá yìí, ó sọ àwàdà náà, ó dúró, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìda ń yí lọ. Sylvanus ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìda kan ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, pé kó má dúró de ẹnì kankan. Ó gbà. Ó tún kọ ọ́, ó tún dúró. Ara rẹ̀ ló ń dúró, kì í ṣe òun. Nígbà tó di ìgbà kẹfà, Sylvanus fi í sílẹ̀.

Hánà ò dá wá. Jonah ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀ ní Creekmouth, alábàágbé tó máa ń bá wọn gbé ọmọ ń ṣàìsàn, ló bá gbé Lílì dání, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Inú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ dùùrù ló sùn sí. Sylvanus gbà pẹ̀lú àdéhùn pé ọmọ náà ò gbọ́dọ̀ jí. Lílì sùn gba gbogbo ariwo náà kọjá nígbà mẹ́rìndínlógún. Ní ìgbà kẹtàdínlógún, ó jí, ó ké.

Hánà ò dá orin dúró. Ó kọ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ohùn tó ń lò nílé sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Dákẹ́, Lílì mi. Ìyá ẹ ò lọ síbì kankan," ó sì padà sínú orin láìṣìnà.

Róòlù mẹ́rin ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọn kì í ju ìda tó bá bàjẹ́ nù. Ọ̀bẹ kan wà lára ẹ̀rọ Sylvanus tó fi máa ń fá ojú rẹ̀ títí á fi dán, kí wọ́n lè tún un lò fún ẹlòmíràn. Ó fá èkíní, ó fá èkejì àti ẹ̀kẹta, èérún ìda ń já bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Nígbà tó máa mú ẹ̀kẹrin, ọwọ́ Hánà ti wà lórí rẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́, màdáámù."

"Mo mọ̀. Òun gan-an ni mo fẹ́."

"Kí lẹ máa fi ṣe? Ẹ ò ní ẹ̀rọ nílé."

"Màá ní in lọ́jọ́ kan."

Òfin ọ̀gá wọn ni pé ìda kankan ò gbọ́dọ̀ jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀. Sylvanus wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló fi òwú wé róòlù náà, ó tì í bọ páálí roboto kan, ó sì kọ nǹkan sórí ìdérí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú rẹ̀, kí wọ́n má gbé e sún mọ́ iná. Kò sọ èyí tó le jù níbẹ̀, bóyá ó rò pé obìnrin náà mọ̀: ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́ ohùn náà, abẹ́rẹ́ á fá díẹ̀ lọ nínú rẹ̀.

Hánà ò gbọ́ ọ rí. Ikọ́ kan tí kò lọ ló pa á ní ìparí ọdún 1903, kí wọ́n tó ní ẹ̀rọ. Lílì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Jonah ra ẹ̀rọ àlòkù kan ní Barking. Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan ni bàbá àti ọmọ máa ń jókòó tì í. Orin á bẹ̀rẹ̀, àwàdà á dé, Hánà á dúró, àyè tí Sylvanus ò fẹ́ yẹn ni àwọn méjèèjì máa ń rẹ́rìn-ín sí. Wọn ò pẹ́ rí, wọn ò yá jù. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á ké nínú ìda, ìyá á sì dá a lóhùn. Bàbá kò ní wo ojú ọmọ rẹ̀ lásìkò yẹn.

Kò pé ọdún kan tí Jonah fi rí i pé ohùn náà ti ń tín-ín-rín. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un ló wá ṣàlàyé ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gbọ́ ọ, lọ́jọ́ ìbí Lílì. Nígbà tí Lílì pé ọmọ ogún ọdún, ó ní kí wọ́n dáwọ́ ìyẹn náà dúró. Ó sàn kí ohùn ìyá òun wà níbẹ̀ láìgbọ́ ju kí òun gbọ́ ọ tán.

Báyìí ló di ohun ìpamọ́. Bọ́ǹbù fọ́ ẹ̀rọ náà ní 1940, ìda wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ní 1953 tí omi Thames ya wọ Creekmouth tó lé gbogbo abúlé kúrò, Lílì fi aṣọ àti àwo sílẹ̀, ó gbé páálí roboto náà lé orí la omi kọjá. Ilé kan ní Upney, nítòsí Barking, ni ìjọba fún wọn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló tutù jù nínú ilé náà, ibẹ̀ ni Lílì gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí àbẹ́là tí wọ́n ń tàn bí iná mànàmáná bá lọ. Nígbà tó fẹ́ kú ní 1985, ó pe Rosemary, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó sọ ohun tí ìyá òun sọ nínú ìda fún un, ó sọ ibi tí ẹ̀rín wà fún un, ó sì mú un ṣèlérí pé kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kankan kàn án mọ́.

Rosemary mú ìlérí náà ṣẹ. Ó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún láìtíì gbọ́ ohùn ìyá ìyá rẹ̀ rí. Ìgbà náà ló gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀nà kan ti wà báyìí: ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ìlà ara ìda, nǹkan kan ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí ilé ìpamọ́ ohùn àtijọ́. Wọ́n fèsì pé ẹnì kan máa wá gbé e ní Ọjọ́bọ̀.

Mọ́níkẹ́ ló bá a kọ lẹ́tà náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, òun àti ọkọ rẹ̀ kó wá sí Barking láti Peckham. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí iléeṣẹ́ kan tó ń bójú tó àgbàlagbà ti ń rán an wá tọ́jú Rosemary láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó ń kán oògùn sí i lójú, ó sì ń sọ gbogbo ìjà tó ń lọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn fún un. Rosemary ò lè pe orúkọ rẹ̀ já, Monica ló ń pè é. Mọ́níkẹ́ náà ń pè é ní Màmá, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè é rí nítorí kò bímọ. Nínú lẹ́tà náà, rẹ́kọ́ọ̀dù ni Rosemary ní kó kọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí Mọ́níkẹ́ mọ̀ ni irú èyí tí bàbá rẹ̀ ní ní Ìjẹ̀bú, pẹlẹbẹ, dúdú, tó tóbi bí àwo oúnjẹ.

Ìjọ aláṣọ funfun ni Mọ́níkẹ́ ń lọ. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth ni wọ́n ti ń jọ́sìn, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti gba ipò ilé àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́. Wọn kì í ju ìda sínú ìdọ̀tí nínú ìjọ náà. Kùkùté àbẹ́là tó bá jó kù nínú ilé àdúrà, wọ́n á kó o pamọ́, Ìyá Ọmọ́ṣọlá, àgbà obìnrin tó ń bójú tó iwájú pẹpẹ, á yọ́ wọn nínú ìkòkò, á sì tún wọn mọ. Bí ìkórè bá ti sún mọ́lé, á ní kí ọmọ ìjọ kó àbẹ́là yòówù tí wọ́n bá ní nílé wá, èyí tó gbó, èyí tó ṣẹ́, kí ti gbogbo wọn lè jó pọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, Mọ́níkẹ́ béèrè lọ́wọ́ Rosemary bóyá ó ṣì nílò àbẹ́là tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Rosemary ní rárá, tọ́ọ̀ṣì ti wà, kó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mọ́níkẹ́ kó àpótí náà. Páálí roboto kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ti ṣá. Ó ṣí i, ó tú òwú, ó rí ìda. Ó rò pé àbẹ́là ayé ọjọ́un ni, tí ẹnì kan ti fa òwú àárín rẹ̀ yọ. Inú rẹ̀ dùn sí bó ṣe wúwo. Ó kó o mọ́ ìyókù, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ fún Ìyá Ọmọ́ṣọlá lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ aṣọ búlúù tí Rosemary fẹ́ràn jù fún un, ó bá a ki yẹtí bọ etí. Ó ti nu gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ inú ilé, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ni àlejò dé pẹ̀lú àpótí kan tí wọ́n fi tìmùtìmù tẹ́ inú rẹ̀. Dárasími lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n bí ní Whalebone, ní ìlà-oòrùn London níbẹ̀. Bó ṣe rí Mọ́níkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orúnkún kan díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Orúnkún yẹn ò kanlẹ̀ o."

"Jíǹsì ni, Àǹtí. Kò jẹ́."

Wọ́n jọ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Dárasími kí Rosemary, ó wo àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù orí tábìlì, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé kì í ṣe ìwọ̀nyí lòun bá wá. Rosemary ní abẹ́ àtẹ̀gùn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí àbẹ́là, níbi tí ìyá òun gbé e sí. Mọ́níkẹ́ gbé ìkòkò tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.

"Báwo ló ṣe rí?"

Dárasími ṣí fóònù, ó fi àwòrán kan hàn án. Mọ́níkẹ́ wò ó pẹ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Àǹtí?"

"Mo rò pé àbẹ́là ni."

"Níbo ló wà?"

"Wọ́n ti yọ́ ọ."

Ó pe Ìyá Ọmọ́ṣọlá lórí fóònù. Ìyá náà rántí rẹ̀ dáadáa. Ó ní ó ṣagídí nínú ìkòkò, ó ń rùn bí ọṣẹ, òun fi kún iná kó tó gbà. Wọ́n ti tàn wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ku mẹ́ta. Ó béèrè bóyá kò sí nǹkan. Mọ́níkẹ́ ní òun máa tún pè.

Dárasími lọ́ṣọ̀ọ́ síwájú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú nǹkan yìí ni ọ̀rinrin ti bà jẹ́. Mo lè wọlé báyìí kí n sọ fún un pé ó ti bàjẹ́, pé a ò lè gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Ṣé á gbà ọ́ gbọ́?"

"Iṣẹ́ mi ni. Á gbà mí gbọ́."

"Á wá máa rò pé ìyá òun ni kò tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Dárasími ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ó ní, "Iṣẹ́ tiyín wá ńkọ́, Àǹtí?"

"Jẹ́ kí n wọlé."

Orúnkún méjèèjì ni Mọ́níkẹ́ fi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ojú Rosemary ò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí eegun ṣe ró.

"Monica, kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Màmá, èmi ni mo mú un. Mo kó o mọ́ àbẹ́là. Wọ́n ti yọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ pé òun ni."

Aago ara ògiri ń dún. Rosemary na ọwọ́, ó wá etí àga rẹ̀, ó dì í mú.

"Ṣé o ṣí páálí rẹ̀?"

"Mo ṣí i."

"O fọwọ́ kàn án?"

"Mo fọwọ́ kàn án, Màmá."

"Èmi ò fọwọ́ kàn án rí. Ìyá mi ò gbà fún mi. Kí lo rí lára rẹ̀?"

Mọ́níkẹ́ ronú. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí bó ṣe rí gan-an.

"Ìlà ló wà lára rẹ̀. Ó tín-ín-rín gan-an, wọ́n sún mọ́ra. Ó dà bí ìlà orí ìka ọwọ́."

"Òun nìyẹn," Rosemary sọ. "Ìyá ìyá mi nìyẹn."

Kò sunkún. Ó béèrè bóyá àbẹ́là náà jó. Mọ́níkẹ́ ní ó jó, ṣùgbọ́n kò jó dáadáa, ó ń ta párapàra, ó ń rú èéfín. Ó ní mẹ́ta ṣì kù, òun lè lọ gbé wọn wá báyìí.

"Kí n fi wọ́n ṣe kí ni?"

Dárasími gbé àpótí rẹ̀ tó ṣófo, ó kí Rosemary, ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ó sì lọ. Lẹ́yìn náà, Mọ́níkẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù. Ó fọ ife. Ó kó àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ padà sí ààyè wọn. Ó kán oògùn sí Rosemary lójú, Rosemary gbé ojú sókè fún un bó ṣe máa ń ṣe, omi oògùn náà ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, Mọ́níkẹ́ fi aṣọ nù ún. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀. Ó sọ fún un pé òun fúnra òun máa pe iléeṣẹ́ tó rán òun wá, òun á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, òun ò ní fi nǹkan kan pamọ́, bí wọn ò bá tiẹ̀ ní rán òun wá mọ́. Ojú fèrèsé ni Rosemary kọjú sí, níbi tí kò ti lè rí nǹkan kan bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀.

Mọ́níkẹ́ wọ kóòtù rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Monica."

"Màmá."

"Ẹni tí wọ́n bá rán wá lọ́la, bá mi sọ fún un pé n kì í fi ṣúgà sí tíì."